Rédíò Tó Lójú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò mọ̀ ọ́n sọ, àmọ́ tí kì í jáde lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ á pariwo rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á sì rẹ́rìn-ín. "Ó wà o!" Bí èrò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á sì tẹ bíréèkì.

Èmi ò lè sọ ọ́. Bí ibi tí mo ń lọ bá ti ń sún mọ́, ọ̀rọ̀ náà á gun ọ̀fun mi wá, á wá dúró sẹ́yìn eyín bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kó jáde wá kí àlejò. Mo ti wọ ọkọ̀ ní Ìdó rí, tí mo fẹ́ sọ̀ ní Ìfàkì, àmọ́ Ọ̀yẹ́ ni ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀, nítorí pé Ọ̀yẹ́ ni ẹlòmíràn ti ní "ó wà." Nígbà tí màmá mi bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní mo lọ kí ẹnìkan l'Ọ̀yẹ́. Màmá mi wò mí. Ó ní, "Ìwọ? O lọ kí ènìyàn?"

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò màmá mi, tó ti ń wa ọkọ̀ ẹlòmíràn láti ọdún pípẹ́, ra ọkọ̀ tirẹ̀. Ìlógbò ni ilé wa wà, iṣẹ́ télọ̀ ni mo sì ń kọ́ ní Ìkọ̀lé, nítorí pé ìwé mi ò ju ọdún kejì girama lọ, abẹ́rẹ́ ni mo sì fẹ́ràn. Bọ̀dá, bí mo ṣe ń pè é, ń ná ọ̀nà Ìdó sí Ìkọ̀lé. Láràárọ̀ á gbé mi nílé, á gba Ìdó kó èrò, a ó gba Ìfàkì, a ó gba Ọ̀yẹ́, a ó kọjá Ìtàpá, á sì já mi sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ó mọ ibẹ̀. Mi ò ní láti la ẹnu.

Ọkọ̀ náà ń gba èrò méje: mẹ́ta láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn pátápátá, èmi níwájú. Ìjókòó iwájú di tèmi nítorí pé òòyì máa ń kọ́ mi bí mo bá jókòó sẹ́yìn, ohun tó sì máa ń tẹ̀lé òòyì náà ti ba bàtà èrò méjì jẹ́ rí.

Bọ̀dá kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ọ̀rọ̀ fún ìdílé wa, ó dà bí ẹni pé wọ́n kó ìpín tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó ń kí àwọn tó ń lọ sóko, ó ń kí ewúrẹ́ tó ń sọdá, ó ń bú kòtò ojú títì bí ẹni pé kòtò náà létí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á yíjú sí mi á ní, "Adákẹ́, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Màá mi orí. Á ní, "Ó dáa. Mo rò pé mo ti gbàgbé rẹ sílé ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo sì rí ohun dúdú kan tó ń dán, tó fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń pàtẹ ẹja yíyan. Àárín iwájú ọkọ̀ ni wọ́n fi sí, níbi tí rédíò àtijọ́ wà tẹ́lẹ̀. Rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìdó ló bá a dè é.

Mo bi í pé, "Kí lèyí, Bọ̀dá?"

"Rédíò ni."

"Rédíò kẹ̀?"

"Rédíò tó lójú." Ó fi fíláàṣì kékeré kan tí kò tó ìka mi bọ ìdí rẹ̀, ohun dúdú náà tàn yòò, ọkùnrin kan tó wọ agbádá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Fíìmù ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkìkí ọkọ̀ wa kàn dé gbogbo gáréèjì Ìdó. Àwọn èrò á fojú fo ọkọ̀ méjì tó wà níwájú, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ọkọ̀ rédíò olójú. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ìyá àgbà kan láti Òsì, tó máa ń kó iṣu lọ tà ní Ìkọ̀lé. Ìyá oníṣu ni gbogbo wa ń pè é. Láti Ìdó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ṣì ń di iṣu rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́wọ́: "Ẹ rọra di uṣu mi, kẹ́ ẹ sì tètè dì í o. Ṣé odi yẹn ti sọ̀rọ̀?"

Odi tó ń béèrè wà nínú fíìmù kan tí Bọ̀dá ń fi hàn wá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà Ìkọ̀lé kì í gùn tó fíìmù. Ọkùnrin kan ló fẹ́ ìyàwó kejì, ìyàwó náà sì ń ṣe bí odi. Àwa tí à ń wò ó mọ̀ pé kì í ṣe odi; ó ń dákẹ́ kó lè gbọ́ gbogbo ìwà ibi tí ìyálé rẹ̀ ń gbèrò ni. Ìgbà wo ló máa la ẹnu? Ohun tí gbogbo ọkọ̀ ń retí nìyẹn. Bọ̀dá sọ mí lórúkọ odi náà fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Mi ò ní purọ́, èmi náà fẹ́ràn rédíò yẹn. Ọwọ́ aṣọ àti ọrùn aṣọ ni mo máa ń wò. Mo wo ọwọ́ bùbá kan lára ìyálé yẹn, tó ṣẹ́po bí ewé kókò tí òjò ń pa, mo gé e sórí bébà, ọ̀gá mi sì bi mí pé ibo ni mo ti rí i. Mo mi orí. Kò sí bí wọ́n ṣe ń mi orí tí yóò túmọ̀ sí "inú ọkọ̀ Bọ̀dá."

Àmọ́ èmi tí mo wà níwájú ń rí ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí. Mo ń rí ojú Bọ̀dá. Ojú náà dà bí ẹyẹ tó ń jí àgbàdo jẹ. Á bà lójú títì, á fò wá sórí àwòrán, á tètè padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í pẹ́ lórí àwòrán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹyẹ náà ti ń jókòó jẹun.

Bí ẹnìkan bá ní "Bọ̀dá, ẹ rọra o, ẹ má máa wò ó," á ní, "Ta ní ń wò ó? Èmi kì í wò ó. Mo máa ń gbọ́ ọ ni. Ṣé wọ́n ń fi etí wakọ̀ ni?"

Orúkọ tí àwọn àgbà fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ti Bọ̀dá ń gba èsì. "Má jẹ ẹ́! Má jẹ ọbẹ̀ yẹn, ó ti fi nǹkan sí i!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pariwo lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, a sì gba inú kòtò kan kọjá tí orí ìyá oníṣu fi kan òrùlé ọkọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn tí odi yẹn da ọbẹ̀ náà sílẹ̀ fún ajá, Bọ̀dá pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi pa á. Mo wo sítíárín tó dá wà, tí kò sí ẹni tó dì í mú, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu mi tí mi ò tilẹ̀ là.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n dá wa dúró ní Ìfàkì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni. Rédíò tòótọ́, èyí tí kò lójú, ti ń sọ ọ́ láràárọ̀ pé òfin ti lòdì sí i pé kí awakọ̀ máa wo àwòrán lórí eré, Bọ̀dá sì máa ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn fún. Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún ló wá sí fèrèsé wa. Ojú rẹ̀ tutù, àmọ́ bí ó ṣe di ìwé rẹ̀ mú fi hàn pé kì í ṣe eré ló wá ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lèyí níwájú yín?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Rédíò ni."

"Rédíò. Kí ni ti ọkùnrin tó ń sunkún nínú rẹ̀?"

"Rédíò tó lójú ni, mà. Àwọn èrò ni mo rà á fún. Èmi kì í wò ó, mo kàn máa ń gbọ́ ọ ni. Ojú mi wà lójú ọ̀nà, etí nìkan ni mo yá fíìmù."

Ìyá oníṣu rò pé ó yẹ kí òun ran Bọ̀dá lọ́wọ́. Ó na ọrùn wá síwájú. "Òótọ́ ló ń sọ, ọmọ mi. Kì í wò ó. Àwa là ń wò ó. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé gèlè pupa ni odi yẹn wé lánàá."

"Gèlè pupa kẹ̀?" Bọ̀dá yí padà. "Màmá, àwọ̀ ewé ni! Ìyálé ló wé pupa, èyí tó ti ya létí yẹn!"

Àkùkọ kan kọ níbì kan. Ìyá oníṣu rọra fa ọrùn rẹ̀ padà sẹ́yìn bí ìjàpá.

Ẹ̀ṣọ́ náà kò pariwo. Ó fi ìwé rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Sà, etí yín ríran gan-an o."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin fún wa. Ó ní òfin ò ní kí èrò má wo fíìmù. Bí àwòrán bá wà lẹ́yìn, níbi tí ojú awakọ̀ ò lè dé, kò sí ìjà. Àwòrán tó ń fi ọ̀nà han awakọ̀, kò sí ìjà. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, fíìmù kò gbọdọ̀ máa rìn níwájú ẹni tó ń wà á. "Ọ̀nà ni fíìmù awakọ̀, sà. Ọ̀nà yẹn sì le ju ti odi lọ, nítorí pé wọn kì í dá a padà kí ẹ tún un wò." Ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé. Ó ní ìkìlọ̀ nìyí, bí òun bá tún rí i, ọkọ̀ á sùn sọ́dọ̀ àwọn.

Ó ti fẹ́ lọ kó tó rí mi.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí. Ìwọ lo jókòó tì í. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé ó ń wò ó àbí ó ń gbọ́ ọ?"

Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn. Mo wo Bọ̀dá, Bọ̀dá wo gíláàsì iwájú. Mo wo àwọn abẹ́rẹ́ pín-ín-pín-ín tí mo gún mọ́ àyà bùbá mi, mo sì kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá ni.

Ẹ̀ṣọ́ náà kẹ́dùn. Ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ gbọ́ o. Ẹni tó bá jókòó níwájú ni ojú kejì awakọ̀. Bí ojú kìíní bá sọnù, kí ojú kejì lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìlógbò ṣáájú wa. Ta ló tún lè gbé e débẹ̀ bí kò ṣe ìyá oníṣu? Bí mo ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi ń ṣa ẹ̀gúsí, kò gbé ojú sókè.

"Wọ́n ní àbúrò mi ń wo fíìmù lórí eré."

Mo bọ́ bàtà mi.

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n o. Nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, ẹ̀yìn mi yìí ló ń sùn sí. Òun nìkan ló kù tó lè pè mí ní ẹ̀gbọ́n láyé yìí." Ó da èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Bí mo bá bá a sọ ọ́, á fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀ láràárọ̀. Má jẹ́ kí nǹkan yẹn pa á fún mi. Bó o bá rí i tí ojú rẹ̀ lọ, sọ̀rọ̀. Ṣé wàá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Màá sọ̀rọ̀, mà." Ohùn mi kéré débi pé màmá mi ní kí n tún un sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń ṣe é, kí wọ́n má bàa ní orí mi ti dàrú. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú." Mo sọ ọ́ fún ewúrẹ́ wa. Ewúrẹ́ náà wò mí, ó sì ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí ọ̀gá mi lọ jẹun. Mo tilẹ̀ gbìyànjú ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ, "ó wà o," lójú ọ̀nà omi. Ẹnìkan fèsì láti inú igbó pé, "Kí ló wà?" Eré ni mo sá délé.

Ní ti Bọ̀dá, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo rédíò náà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Àwọn èrò náà ń kùn. Ìyá oníṣu, tó yẹ kó tì í lójú, ló ń kùn jù: "Ẹ ti wá fi aṣọ bo odi lójú, ṣé ẹ fẹ́ kó di afọ́jú mọ́ ọn ni?" Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí a ṣe kọjá Ìfàkì tán tí kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan mọ́, Bọ̀dá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ. Gbígbọ́ ò sí nínú òfin." Ó tan rédíò lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, ó ká etí táwẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀, ó ní kí ooru lè jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ooru náà ti pọ̀ débi pé táwẹ́ẹ̀lì dé ọrùn Bọ̀dá.

Mo gbìyànjú. Ẹlẹ́rìí mi wà lókè. Mo mí sínú, mo ní, "Bọ̀..." ikọ́ ló jáde. Bọ̀dá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ra súìtì aláta fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbìyànjú, ikọ́ tún jáde, ó tún ra súìtì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń lá súìtì nítorí ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ. Ó sọ fún màmá mi pé àyà mi ò yá, kí wọ́n se àgbo fún mi. Wọ́n sì sè é. Mo sì mu ún.

Ọyẹ́ mú l'Ọ̀yẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìkuukùu bo gbogbo ọ̀nà, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n bá ń ku èlùbọ́, a ò sì rí ohun tó jìnnà. Èrò kún. Ìyá oníṣu wà láàárín, ó ti gbájú mọ́ àwòrán. Ibi tí fíìmù dé lọ́jọ́ náà ni pé ìyálé ti fẹ̀sùn olè kan odi. Gbogbo ìdílé ti pé jọ, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Odi náà dìde. Ó wo gbogbo wọn.

Ìyá oníṣu ní, "Yóò sọ̀rọ̀ o! Ó yá, yóò sọ̀rọ̀!"

Bọ̀dá ní, "Sọ ọ́! Sọ ọ́ fún wọn!" Ẹyẹ ojú rẹ̀ ti bà sórí àgbàdo, kò sì fò mọ́.

Èmi ò wo àwòrán. Láti ọjọ́ tí màmá mi ti bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀nà ni mo ń wò. Mo rí ewé kan lójú títì. Ewé tútù ni, ẹ̀ka kan gbáko, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán nínú ìkuukùu yẹn. Táyà wa gùn ún, ó ró kàràkàrà. Mo rí òmíràn níwájú. Kì í ṣe pé ewé ń já láti ara igi, igi ibẹ̀ ò sún mọ́ títì. Ẹnìkan ló gé e tó tò ó síbẹ̀. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ ohun tí ewé tútù ń sọ lójú títì: ọkọ̀ kan ti kú síwájú, ẹ rọra. Táyà wa gun èkejì. Mo wo Bọ̀dá. Bọ̀dá ń wo odi.

Ẹ̀kẹta. Ikọ́ fẹ́ jáde, mo gbé e mì. Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ewúrẹ́ sá kúrò lórí mi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́" gùn jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn eyín mi, ìyàwó tuntun tó ti ń sá pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fi ara já ilẹ̀kùn jáde:

"Ó WÀ O!"

Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. Àmọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ yára ju awakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹsẹ̀ Bọ̀dá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò dúró de ojú, kò dúró de ọpọlọ. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ké, iṣu ìyá oníṣu yí wá láti ẹ̀yìn gbá gbogbo ènìyàn ní gìgísẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì fò bo Bọ̀dá lójú. A dúró.

Ó tì í kúrò lójú. Ó bínú. "Ta ló fẹ́ sọ̀ nínú igbó yìí? Kí ló wà?"

Mo ní, "Ewé. Ewé ló wà, Bọ̀dá."

Ó wo iwájú nígbà náà. Ìkuukùu ṣí díẹ̀. Ìdí lọ́rì kan tó kó pákó ló wà níwájú wa. Ó ga, ó dúdú, pákó gígùn yọ síta lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá na ọwọ́ jáde ní gíláàsì iwájú, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án.

Inú rédíò nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, odi ti la ẹnu, ó ń sọ gbogbo nǹkan, ohùn rẹ̀ sì dùn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ. Bọ̀dá na ọwọ́, ó pa á.

Awakọ̀ lọ́rì náà yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì, àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwé, ṣé ojú ń dùn yín ni? Mo gé ewé tí màlúù á jẹ yó, ẹ sì ń gùn ún bọ̀ bí ẹní orí ibùsùn!"

Bọ̀dá ò fèsì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ẹnìkan bú u tí kò fèsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn padà sẹ́yìn, ó sì ń wo àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ipa táyà wa wà lára mẹ́ta. Ó mú ọ̀kan wá. Nígbà tó wọ ọkọ̀ padà, ó wò mí, omi wà lójú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló fi bò ó.

"Adákẹ́, níbo lo ti rí ohùn yẹn?"

Kí n tó mi orí, ìyá oníṣu sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹnu rẹ. Àmọ́ o ò wá jẹ́ ká gbọ́ ohun tí odi yẹn sọ!"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà dé Ìtàpá.

Bọ̀dá ò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá rédíò náà níbẹ̀. Rewáyà tó dè é ló tú u, ó sì gbé e lọ sẹ́yìn orí ìjókòó mi, kó kọjú sí àwọn èrò. Ihò ńlá kan ṣẹ́ kù níwájú, Bọ̀dá sì ki ewé tó mú wá sínú rẹ̀. Ewé náà ti gbẹ báyìí, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù.

Nígbà tí a dé Ìfàkì, kò sí ẹni tó dá wa dúró. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló yà sí ẹ̀gbẹ́, tó sì ń juwọ́ sí ẹ̀ṣọ́ náà bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mà, ẹ wá wò ó! Rédíò mi ti fọ́jú!"

Ó wá. Ó wo ihò, ó wo ewé, ó wo ẹ̀yìn, níbi tí ìyá oníṣu ti na ọrùn sí àwòrán tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí wá sí fèrèsé mi.

"Ojú kejì. Ṣé ó ń wò ó àbí ó ń gbọ́ ọ?"

Mo rí i tí Bọ̀dá ti ń la ẹnu láti bá mi dáhùn. Mo yára ṣáájú rẹ̀.

"Kò wò ó mọ́, mà. Ó ń gbọ́ ọ ni."

Òótọ́ sì ni. Ìyà tó ń jẹ Bọ̀dá láti ìgbà náà kò kéré. Ó ń gbọ́ igbe, kò mọ ẹni tí wọ́n ń lù. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín, kò mọ ẹni tó ṣubú. Á ní, "Ta nìyẹn? Ta ló wọlé?" Gbogbo ọkọ̀ á pariwo mọ́ ọn pé, "Ẹ wo iwájú!" Ìyá oníṣu ló burú jù. Á sọ fún un ní gáréèjì pé odi yẹn padà kú, lọ́jọ́ kejì á ní ó bí ìbejì. Títí di òní, Bọ̀dá ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ odi yẹn parí sí. Èmi mọ̀ ọ́n, mo ti wò ó nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Àmọ́ bí ó bá bi mí, mo máa ń mi orí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ láràárọ̀ ni èyí tí kò pọn dandan kí n sọ. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kò gbàgbé rẹ̀ rí. Síbẹ̀, bí a bá ti ń wọ Ìkọ̀lé, ó máa ń dín eré kù, á sì máa dibọ́n pé òun fẹ́ kọjá, títí màá fi sọ ọ́.

"Ó wà o."

"Kí ló wà?"

"Ewé ni."

Á sì dúró.